Dìńgì Yín Ti Tóbi Jù: Apá Ẹni Tó Máa Gbé E Ni Kí Ẹ Fi Wọ̀n Ọ́n

Ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn ni mo gbé wá lónìí, mi ò sì ní fepo bọyọ̀. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ọkọ̀ onígbòkun ló ń ra dìńgì tó tóbi jù. Nínú àwọn tó kù, ẹ máa rí àwọn tó ra èyí tó kéré, tí wọ́n á wá máa rọ́ èèyàn kún inú rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣi àwọn méjèèjì lọ́nà: iye èèyàn tó máa jókòó sínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà.

Fún ẹni tí kò tíì rí ohun tí mò ń sọ rí, ọkọ̀ onígbòkun tí àwọn èèyàn fi ń gbafẹ́ lórí òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní yọ́ọ̀tì, ní ohun wíwúwo kan nísàlẹ̀ tó ń jẹ́ kíìlì. Òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dojú ọkọ̀ dé. Kíìlì yìí lè jìn wọ inú omi tó mítà kan àbọ̀ sí méjì, torí náà yọ́ọ̀tì ò lè sún mọ́ etí omi bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ṣe ń ṣe. Wọ́n á ju ìdákọ̀ró sí ibi tí omi ti jìn, wọ́n á wá wọ ọkọ̀ kékeré kan lọ sí èbúté. Ọkọ̀ kékeré yẹn ni dìńgì. Èmi máa ń pè é ní ọmọ ọkọ̀, torí pé ìyá rẹ̀ ló ń pọ̀n ọ́n kiri. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, níbi tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí omi ṣe ń ṣàn, wọ́n pọ̀ lójú omi bí ọ̀kadà ṣe pọ̀ n'Ìbàdàn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa bi mí: kí ló kàn wá nínú ọkọ̀ olówó? Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni mo bá wá. Ìbéèrè físíìsì tó dùn gan-an ló wà nínú ẹ̀. Ohun kan náà gbọ́dọ̀ fúyẹ́ tí wọ́n bá ń gbé e, ó sì gbọ́dọ̀ lè ru ẹrù tó bá wà lójú omi. Ohun méjèèjì ń bá ara wọn jà.

Ẹ jẹ́ ká lọ bá ọ̀gá wọn ná. Joshua Slocum ni ẹni àkọ́kọ́ tó dá nìkan wa ọkọ̀ onígbòkun yí ayé ká. Ó kúrò ní Boston ní oṣù kẹrin ọdún 1895, ó sì gúnlẹ̀ sí Newport, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ náà, ní oṣù kẹfà ọdún 1898. Ọkọ̀ rẹ̀, Spray, gùn díẹ̀ ju mítà 11 lọ. Nígbà tó dé ìlú Gloucester, ó wá ọmọ ọkọ̀ tó máa gbé dání. Ohun tó rí ni dory, ọkọ̀ pákó tí àwọn apẹja ibẹ̀ ń lò. Odidi dory ti wúwo jù fún ẹnì kan láti dá gbé, kò sì sí àyè fún un lórí Spray. Ẹ mọ ohun tí bàbá yìí ṣe? Ó gé dory náà sí méjì níbùú, ó fi pákó dí ojú ibi tó gé, ó sì gbé ìlàjì lọ. Okùn tó fi ń fa ìgbòkun sókè náà ló fi ń gbé e wọlé, tó fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tí kò bá lò ó lójú omi, á fọṣọ nínú rẹ̀, á sì wẹ̀ nínú rẹ̀.

Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí, ẹ sì wo ọgbọ́n tó wà nínú ibi tó gé. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rò pé gígùn ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ dúró ṣinṣin. Fífẹ̀ ló ń ṣe é jù. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ dojú dé, ipá tó ń dá a padà máa ń bá gígùn rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan péré, àmọ́ ó ń bá fífẹ̀ rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mẹta: fífẹ̀ × fífẹ̀ × fífẹ̀. Tí ẹ bá gé gígùn kù sí ìlàjì, ìdúróṣinṣin á kù sí ìlàjì. Tí ẹ bá gé fífẹ̀ kù sí ìlàjì, ohun tó máa ṣẹ́ kù ò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ, torí 2 × 2 × 2 ni 8. Níbùú ni Slocum gé e, nítorí náà gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ ṣì wà. Ká ní òótù ló gé e, ká ní ó là á sí méjì bí ìgbà tí wọ́n la ẹ̀pà, ì bá ti rì kó tó jókòó tán.

Ìtàn náà ò tíì parí o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1895 kan náà, Spray gun orí iyanrìn ní etíkun Uruguay. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n á gbé ìdákọ̀ró lọ sí ibi tí omi ti jìn, wọ́n á wá máa fa okùn rẹ̀ láti orí ọkọ̀ títí ọkọ̀ á fi yọ́ kúrò. Slocum kó ìdákọ̀ró àti okùn gígùn rẹ̀ sínú ìlàjì dory. Ẹrù náà pọ̀ jù, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó gbé ìdákọ̀ró náà sókè, ó jù ú sómi bí dory ṣe ń yí dànù, ó wá di etí rẹ̀ mú. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé òun ò mọ̀wẹ̀. Ọ̀gá atukọ̀ tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí òkun! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bá dory náà rì wọ inú omi níbi tó ti ń gbìyànjú láti yí i padà, kó tó wá bọ́ sí i.

Ìlàjì dory yẹn bá apá rẹ̀ mu, kò bá ẹrù rẹ̀ mu. Ibi tí gbogbo àríyànjiyàn yìí wà nìyẹn, láti ọdún 1895 títí dòní.

Ohun tí ẹ máa gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń wa yọ́ọ̀tì ni pé kí ẹ ra dìńgì tó tóbi jù lọ tí ọkọ̀ yín bá lè gbé. Bíi kí wọ́n máa sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ eku wo là ń sọ? Kì í ṣe yọ́ọ̀tì. Yọ́ọ̀tì kì í gbé dìńgì, èèyàn ló ń gbé e.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa níbí ní yọ́ọ̀tì tó gùn ní mítà 10. Òun àtìyàwó rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Dìńgì wọn gùn ní mítà 3.1, fáíbà ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ló yí i ká. Dìńgì yẹn wuyì, kò sí irọ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n gbé mi dání, mo bi màmá náà (màmá ni mo máa ń pè é, ó ti mọ́ ọn lára) pé ìgbà wo ló máa ń wà á lọ sí èbúté. Ó ní, "Èmi kẹ̀? Mi ò lè dá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tí bàbá yìí bá sùn, mo ti dẹni àtìmọ́lé nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀kan tí kò pa wá lẹ́rìn-ín, pé tí ọkọ òun bá ṣubú sómi níbi tí wọ́n dákọ̀ró sí, tí omi sì ń gbé e lọ, kò sí ohun tóun lè ṣe ju kóun dúró máa wò ó.

Ẹ jẹ́ ká wo iye tó wúwo. Dìńgì onírọ́bà mítà 2.4 tí ilẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ pákó pẹlẹbẹ tàbí atẹ́gùn máa ń wúwo tó kílò 20 sí 30. Onífáíbà mítà 3.1 lè tó kílò 55, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹ́ńjìnnì kún un: èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 2.5 wúwo tó kílò 13 sí 14, àmọ́ agbára ẹṣin 15 tòde òní sún mọ́ kílò 50. Lápapọ̀, ọ̀kan ò ju nǹkan bíi kílò 40 lọ, èkejì sì ju kílò 100 lọ. Ní Britain, àjọ HSE tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́ fi kílò 25 ṣe ìtọ́sọ́nà fún ọkùnrin àti 16 fún obìnrin, ìyẹn tí ẹrù bá sún mọ́ ara, tó wà níbàdí, tí ẹsẹ̀ ẹni sì wà lórí ilẹ̀ tó dúró. Lórí yọ́ọ̀tì, ilẹ̀ ò dúró, ẹrù ò sún mọ́ ara, òkùnkùn sì lè ti ṣú.

Nítorí náà, òfin tèmi rèé: ẹni tí apá rẹ̀ ò le jù lórí ọkọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ lè dá nìkan gbé dìńgì wọ omi, pẹ̀lú okùn ìgbòkun bí i ti Slocum tó bá pọn dandan, kó sì lè gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ọ. Tí kò bá lè ṣe é, dìńgì yẹn ti tóbi jù. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ó dára.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gba apá kejì. Báwo ló ṣe lè kéré tó kó tó di ewu?

Archimedes ti bá wa dáhùn apá kan: ohun tó bá léfòó máa ń ti omi tó wúwo tó òun fúnra rẹ̀ kúrò láyè. Rọ́bà tó yí dìńgì ká dà bíi túùbù táyà gígùn. Tí ìbú túùbù náà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36, mítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ gba nǹkan bíi lítà 102. Tó bá jẹ́ 42, ó gba nǹkan bíi 139. Ẹ wò ó dáadáa: sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà péré ni wọ́n fi kún un, àmọ́ àyè inú rẹ̀ fi ìdá mẹ́rìndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ìdí ni pé ìbú náà la máa ń sọ di ìlọ́po ara rẹ̀. Torí náà, tí ẹ bá rí dìńgì méjì tó gùn bákan náà, ẹ kọ́kọ́ wọn túùbù wọn. Túùbù tó nípọn gbé yín ga kúrò lójú omi, ìgbì kékeré ò ní máa bẹ́ wọlé. Àyè ẹsẹ̀ á dín kù o, ìyẹn náà wà ńbẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn.

Túùbù yìí náà ló fà á tí dìńgì onírọ́bà fi dúró ṣinṣin ju ti pákó lọ. Ti pákó mítà 2.4 lè fẹ̀ tó mítà 1.2, onírọ́bà tó gùn bákan náà sì lè fẹ̀ tó 1.5. Ẹ rántí ìṣirò ẹlẹ́ẹ̀mẹta wa: 1.5 pín sí 1.2 jẹ́ 1.25, tí ẹ bá sì sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2. Ìlọ́po méjì ìdúróṣinṣin, láì fi sẹ̀ǹtímítà kan kún gígùn rẹ̀.

Ohun kan rèé tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ń rà á. Ká sọ pé ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí dìńgì nínú oòrùn, tí atẹ́gùn inú rẹ̀ gbóná tó 30°C, tí ẹ sì fẹ́ ẹ tó báà 0.25 bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ wá gbé e sórí omi tó jẹ́ 15°C. Atẹ́gùn inú rẹ̀ á tutù, á sì sún kì. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, tí ẹ ò sì gbàgbé pé atẹ́gùn ayé náà ń tẹ̀ ẹ́ láti òde, ohun tó kù á sún mọ́ 0.19. Ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ, kò sì sí ibi tó jò. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ dá dìńgì tuntun padà fún ẹni tó tà á torí èyí. Pọ́ńpù ni kó mú jàre.

Ẹ wo àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara dìńgì, èyí tó ń sọ pé ó gba èèyàn mẹ́rin. Kílò 75 ni wọ́n kà sí èèyàn kan. Mẹ́rin jẹ́ 300. Ṣé ẹ wá rò pé àgbàlagbà mẹ́rin tó ń bọ̀ láti ilé oúnjẹ lálẹ́, pẹ̀lú aṣọ òtútù, bàtà, àpò ọjà àti ike omi mímu, ò ní ju 300 lọ? Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wúwo tó 90, tó sì gbé ẹrù kílò 10 dání, ó ti di 400. Dìńgì náà ò ní rì, torí àyè tó wà nínú túùbù rẹ̀ lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Ó léfòó, àmọ́ etí rẹ̀ ti sún mọ́ omi, ẹni kan tó bá dìde dúró ti tó láti da omi sínú rẹ̀. Àmì yẹn, ojú omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ló wà fún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó rí mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí awakọ̀ bá ní "ẹ sún mọ́ra, ó ku èèyàn méjì," físíìsì kan náà ló ń bá ṣeré. Dandan sì ni pé kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù amúniléfòó níbẹ̀. Àwọn olówó tó ń wọ dìńgì níbí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń rí wọn láìwọ ọ̀kankan, torí wọ́n ní ọ̀nà ò jìn.

Ọ̀nà ò jìn lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ ni ẹ ò tíì bá sọ̀rọ̀.

Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ní 20 nọ́ọ̀tì, ìyẹn mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó ń lu èèyàn méjì àti dìńgì wọn láti iwájú, ká sọ pé ojú tó ń lù fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó. Ipá tó fi ń tì wọ́n sẹ́yìn sún mọ́ Newton 60, bí ìgbà tí ẹrù kílò 6 bá so mọ́ yín nídìí tí kò sì sinmi. Tí ẹ bá wá fẹ́ fi àjẹ̀ tù síwájú ní mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ti di Newton 73, torí ẹ ń lọ pàdé afẹ́fẹ́ ọ̀hún. Wáàtì 73 nìyẹn fún afẹ́fẹ́ nìkan. Èèyàn bíi tèmi àtìyín lè pèsè wáàtì 75 sí 100 fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí ara bá le. Ẹ ò tíì yọ èyí tí omi fẹ́ gbà, ẹ ò tíì yọ èyí tí àjẹ̀ kúkúrú inú dìńgì ń fi ṣòfò. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹ ò ní kúrò lójú kan. Tí omi náà bá ń ṣàn, ẹ máa padà sẹ́yìn. Ní Hurst, lẹ́nu ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn Solent, ìṣàn omi lè ju 4 nọ́ọ̀tì lọ. Kò sí ẹni tó lè fi àjẹ̀ tu dìńgì onírọ́bà dojú kọ ìyẹn.

Ìdí tí mo fi fara mọ́ ẹ́ńjìnnì nìyẹn, kódà fún dìńgì tó kéré. Agbára ẹṣin 2.5 sún mọ́ wáàtì 1,900. Ká tiẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló dé ojú omi, ó ṣì ju ti èèyàn mẹ́fà lọ. Àmọ́ ẹ má ṣe torí ìyẹn ra èyí tó jẹ́ agbára ẹṣin 15 nítorí eré. Kí ẹ sì so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ara yín, torí dìńgì tí awakọ̀ rẹ̀ ti já sómi máa ń yípo padà wá bá a, tòun ti irin tó ń yí lábẹ́ rẹ̀. Omi tí kò tó 15°C ń já èèyàn láyà: ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ẹ máa mí gúlẹ́gúlẹ́ láìfẹ́, ó sì lè jẹ́ omi lẹ máa mí símú. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ dáadáa náà ò lè pàṣẹ fún èémí rẹ̀ nígbà yẹn. Nítorí náà, ẹ̀wù amúniléfòó ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kẹ́ ẹ tó máa wo dìńgì.

"Ṣé kí àwa mẹ́rin wá máa jókòó sínú ìlàjì dory?" Rárá o. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì! Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó máa ná yín. Ká sọ pé mítà 300 ló wà láàárín yọ́ọ̀tì àti èbúté, tí dìńgì ń sáré mítà kan àbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú-àáyá 200 ni ìrìn àjò kan. Láti padà wá kó àwọn tó kù jẹ́ 400 mìíràn, kò tó ìṣẹ́jú 7. Ìṣẹ́jú 7 yẹn ni gbogbo owó tí dìńgì kékeré máa gbà lọ́wọ́ yín, lọ́jọ́ tí ẹ bá tiẹ̀ pé mẹ́rin. Dìńgì ńlá máa gba tiẹ̀ lójoojúmọ́, láti ara ẹ̀yìn yín.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn kan máa ń so ó mọ́ ìdí ọkọ̀, wọ́n á máa wọ́ ọ lọ. William Froude, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wọ́ ọkọ̀ kéékèèké nínú adágún ìdánwò rẹ̀ ní Torquay ní àwọn ọdún 1870, ló là wá lójú lórí èyí. Ọkọ̀ tó ń la omi kọjá máa ń dá ìgbì sílẹ̀, bí ó bá sì ṣe gùn tó ni eré tó lè sá kí ìgbì tirẹ̀ tó di òkè fún un ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ wá ìdí ìlọ́po-méjì gígùn rẹ̀ ní mítà, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.43, ẹ máa rí i ní nọ́ọ̀tì. Yọ́ọ̀tì tó gùn ní mítà 9 lójú omi ń rí 7.3. Dìńgì mítà 2.4 ń rí 3.8. Tí yọ́ọ̀tì bá ń lọ ní 6 nọ́ọ̀tì wọ́ọ́rọ́wọ́, dìńgì tó ń wọ́ tẹ̀ lé e ti ń gun òkè ìgbì ara rẹ̀ láti àárọ̀, yọ́ọ̀tì ló sì ń san gbèsè náà. Tí òjò tàbí ìgbì bá wá da omi sínú rẹ̀, tí omi náà ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 péré, ó ti lé ní kílò 100. Okùn á já. Mo ti rí dìńgì lẹ́bàá òkun tí kò sẹ́ni tó mọ ìyá rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní apá irin méjì nídìí ọkọ̀ tí wọ́n ń fi dìńgì kọ́. Ó rọrùn, mi ò jiyàn. Àmọ́ kílò 100 tó ń rọ̀ ní mítà márùn-ún àbọ̀ sí àárín ọkọ̀, nínú ìṣirò tí mo ṣe fún yọ́ọ̀tì mítà 10 tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 5, máa tẹ ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀, á sì gbé iwájú rẹ̀ sókè, débi pé ìyàtọ̀ méjèèjì á tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Nínú ìjì, ìgbì tó bá bọ́ sínú dìńgì tó rọ̀ síbẹ̀ lè fa apá irin náà tu. Èmi fara mọ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí ọkọ̀, níwájú òpó ìgbòkun, kí wọ́n sì dè é pa. Tí ọ̀nà bá jìn, kí wọ́n tú atẹ́gùn inú rẹ̀, kí wọ́n ká a. Kí ẹ tó rà á, ẹ mú téèpù, ẹ wọn àyè yẹn, kí ẹ sì rí i pé kò bo fèrèsé orí ọkọ̀ níwájú. Tí iná bá sọ nínú ilé ìdáná ọkọ̀, fèrèsé yẹn ni ẹni tó ń sùn níwájú máa gbà jáde.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ mi ò bá wí. Ẹni tó ń gbé inú ọkọ̀ rẹ̀ láti oṣù dé oṣù ní erékùṣù Caribbean, tó ń dákọ̀ró sí ibi tó jìn sí ọjà, tó ń lọ pọn omi tó sì ń ra epo, dìńgì ni mọ́tò rẹ̀. Kó ra mítà 3.1, kó gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sí i, kó sì ní apá irin tó lágbára tó máa gbé e. Àmọ́ ẹni tó ń lo ọjọ́ 20 lọ́dún lórí omi Solent, tó ń fi tirẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe, kí ló ń gbé kiri?

Fún yọ́ọ̀tì mítà 9 sí 11 tí èèyàn méjì sí mẹ́rin ń wà nínú rẹ̀, èyí tí mo máa rà ni onírọ́bà mítà 2.3 sí 2.6, kí túùbù rẹ̀ má kéré sí sẹ̀ǹtímítà 40, kí gbogbo rẹ̀ má kọjá kílò 30, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má kọjá 15. Ẹ́ńjìnnì oníbátìrì ti wọ ìwọ̀n yẹn báyìí, torí wọ́n ṣe é kí bátìrì rẹ̀ lè yọ lọ́tọ̀. Ẹ gbé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ padà wá gbé bátìrì. Olùkọ́ wa ní eré rẹ̀ ò tó nǹkan. Màmá ti béèrè iye tí wọ́n ń tà á.